Eré Àgbà Lójú Irin Kékeré

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ẹni tí ó bá ṣàdédé rí àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, dókítà, olùkọ́, agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kóra jọ lálẹ́ sínú yàrá abẹ́ ilé kan, tí oníkálukú mú ìwé pélébé lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń rìn jẹ́jẹ́ tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin tí gíga rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, yóò kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni àwọn àgbà gbà mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá fara balẹ̀ dúró tì wọ́n fún wákàtí kan, tí ó gbọ́ bí wọ́n ti ń tọrọ àyè kí wọ́n tó kọjá, tí ó sì rí bí ojú wọn kì í ti í kúrò lára agogo ara ògiri, yóò yé e pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá, tí ó ní òfin, tí ó sì ní àṣìṣe tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dáhùn fún.

Ìpàdé ìṣiṣẹ́ ni a ó máa pe irú ìkórajọ yìí. Rélùwéè kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí a fi igi, irin, ike àti wáyà iná kọ́, tí ó sì ní ojú irin, afárá, ihò abẹ́ òkè, ibùdókọ̀, ilé iṣẹ́, àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí orúkọ àti nọ́ńbà wà lára wọn. Kókó kan ni ó gbé gbogbo eré náà ró. Púpọ̀ nínú ojú irin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá láàárín òkè àti ní aginjù, jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: ibẹ̀ ni ẹni tí ń lọ ń gbà, ibẹ̀ náà ni ẹni tí ń bọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ ojú irin kò sì lè yà wọ inú koríko bí ó bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè dé ibi tí ó ń lọ àfi bí ẹlòmíràn bá yà fún un, kò sì sí yíyà tí ó wúlò àfi bí àwọn méjèèjì bá ti mọ̀ ṣáájú ẹni tí yóò yà, ibi tí yóò yà sí, àti àkókò tí yóò yà. Èyí ni ìpìlẹ̀ eré náà, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe rélùwéè kékeré. Ní ọdún 1934 ni ìwé ìròyìn Model Railroader bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ìlú Milwaukee, nígbà tí ó sì di ọdún 1935, a dá ẹgbẹ́ National Model Railroad Association sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Lásìkò yẹn, kíkọ́ ni ó gba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn: bí ẹnìkan bá ti jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tí ó jó irin pọ̀, tí ó kun ọ̀dà, tí ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ sójú irin, ọkọ̀ náà a máa yí po, a máa yí po, títí oorun yóò fi kun ẹni tí ó ni ín. Frank Ellison, ará New Orleans, tí ó ní rélùwéè kékeré tí ó pè ní Delta Lines, wà lára àwọn tí ó la ojú ẹgbẹ́ wọn. Nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1944, ó ṣàlàyé pé ìtàgé ni rélùwéè kékeré, pé òkè àti ilé tí a kọ́ sí i ni ọ̀ṣọ́ ìtàgé, pé àwọn ọkọ̀ ni òṣèré, àti pé ìwé àkókò ìrìnnà ni ìtàn tí eré náà ń tẹ̀ lé. Òótọ́ ni ó sọ. Rélùwéè tí kò ní iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ dà bí ẹ̀kú tí a fi kọ́ sórí okùn. Ó lè kún fún aṣọ olówó iyebíye, ṣùgbọ́n kò tíì jó.

Ìwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láàárín wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní HO, nínú èyí tí a fi 87 pín gígùn ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá rò pé ìyẹn ti tó láti kó odidi ojú irin kan sínú ilé, kí ó ṣírò rẹ̀ wò. Ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 190. Bí a bá fi 87 pín in, ohun tí yóò kù ṣì ju kìlómítà 2 lọ. Yàrá wo ni yóò gbà á? Dandan ni kí akọ́lé ṣa ibùdókọ̀ díẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù lọ, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún èrò ọkàn. Allen McClelland, tí ó kọ́ Virginian & Ohio sí ilé rẹ̀ ní Dayton, ni ó sọ èyí di ẹ̀kọ́ fún gbogbo wọn. Lójú tirẹ̀, yàrá náà jẹ́ abala kan péré nínú ojú irin gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ níta ògiri, tí ó sì parí níta ògiri. Ó fi yáàdì pa mọ́ sí ibi tí ojú àlejò kò tó, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń dúró de àkókò wọn, tí ọkọ̀ tí ó bá jáde níbẹ̀ fi dà bí ẹni pé láti ìlú òkèèrè ni ó ti ń bọ̀, tí èyí tí ó bá sì wọlé síbẹ̀ fi dà bí ẹni tí ó ti ré kọjá lọ sí òkun.

Bí a ti gé ọ̀nà kúrú, bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ gé àkókò kúrú. Agogo tí wọ́n ń lò kì í ṣe irú tiwa. Ó ń sáré. Bí wọ́n bá fi í sí ìlọ́po 4, wákàtí 3 tí àwọn ọ̀rẹ́ fi wà pa pọ̀ yóò di wákàtí 12 lójú irin, ọkọ̀ tí ó gbéra ní òwúrọ̀ yóò sì parí iṣẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí oúnjẹ tó délẹ̀. Ìkánjú agogo yìí ni ó ń mú kí ara awakọ̀ bù máṣọ, nítorí pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi sòfò nídìí ìkọ́ ọkọ̀ lè jẹ́ kí ọkọ̀ ẹlòmíràn dúró sí òdìkejì òkè.

Gbogbo ẹni tí ó bá wọ yàrá náà ni ó ní ipò. Olùdarí ìrìnnà ni olórí wọn, ó sì máa ń jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀, níbi tí kò ti lè rí ọkọ̀ kankan. Ohun tí a bá sọ fún un lórí tẹlifóònù àti ohun tí ó bá kọ sínú ìwé ni ojú rẹ̀. Ọ̀gá yáàdì ni ó ń to àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó ń ya ti ìlà-oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìwọ̀-oòrùn. Awakọ̀ ń darí ẹ́ńjìnnì. Gáàdì ni ó ń ka ìwé, tí ó ń ṣí oríta irin, tí ó sì ń fi igi sùúyà tínínrín tú ìkọ́ tí ó so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀. Látijọ́, abala abala ni wọ́n máa ń pín ojú irin sí, kí iná tí ó ń gbé ọkọ̀ kan má bàa gbé òmíràn. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 ni ìlànà tí a ń pè ní DCC, èyí tí ilé iṣẹ́ Lenz ti ilẹ̀ Jámánì pilẹ̀ rẹ̀, ti gbilẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan fi ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ó sì ń dá olúwa rẹ̀ nìkan lóhùn. Ìlànà yìí mú kí iṣẹ́ ọwọ́ dín kù, iṣẹ́ ọpọlọ sì pọ̀ sí i, nítorí pé kò sí wáyà tí yóò dá ọkọ̀ méjì dúró kí wọ́n má forí gbárí mọ́, àfi làákàyè àwọn tí ń wà wọ́n.

Kí ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé, ibo ni ó sì ń lọ? Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bákan náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ogún ṣe lè jọra lójú. Doug Smith ni ó wá ojútùú rẹ̀ ní ọdún 1961. Ó dá a lábàá pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, tí orúkọ, nọ́ńbà àti irú ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀, tí ó sì ní àpò kékeré kan nísàlẹ̀. Inú àpò yìí ni wọ́n ń ki ìwé ẹrù sí, irú èyí tí àwọn oníṣòwò tiwa ń pè ní wébíìlì, tí ó sọ ibi tí ẹrù ti wá, irú ẹrù tí ó jẹ́, àti ẹni tí yóò gbà á. Lónìí, ojú mẹ́rin ni ìwé náà sábà máa ń ní. Ní ojú kìíní, ọkọ̀ lè gbé pákó lọ sí ilé iṣẹ́ àga. Ní ojú kejì, òfìfo rẹ̀ yóò padà sí yáàdì. Ní ojú kẹta, yóò lọ kó ìyẹ̀fun. Ní ojú kẹrin, yóò gbé e jáde kúrò nínú yàrá. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ni ilé yóò rìn yí ká, yóò yí ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí sí ojú tí ó kàn, ìpàdé tí ń bọ̀ yóò sì ní iṣẹ́ tuntun láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ ẹsẹ̀kùúkú ni ó dùn jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ràn àròjinlẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ń dúró ní ìlú kọ̀ọ̀kan láti já ẹrù àti láti kó ẹrù. Ojú irin tí ó wọ ilé iṣẹ́ kan lè kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kí ti èkejì sì kọ ẹ̀yìn sí i. Èyí tí ó kọ ẹ̀yìn rọrùn: awakọ̀ yóò kọjá díẹ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tí ó kọjú, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ wọlé, yóò sì há mọ́ àárín ilé iṣẹ́ àti ẹrù tirẹ̀. Ó di dandan kí ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gba ojú irin ẹ̀gbẹ́ yí ká àwọn ọkọ̀ rẹ̀, kí ó bọ́ sẹ́yìn wọn, kí ó wá tì wọ́n síwájú. Bí ọ̀gá yáàdì kò bá sì ti to àwọn ọkọ̀ náà bí ó ti yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣòro náà yóò di ìlọ́po, agogo kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwà àìbìkítà ẹnìkan ní yáàdì ni ẹlòmíràn yóò fi òógùn san gbèsè rẹ̀ ní ìlú kẹta.

Ní ti bí ọkọ̀ ṣe ń pàdé lójú irin kan ṣoṣo, ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ògbólógbòó fẹ́ràn jù ni ìwé àkókò pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìwé àkókò fi ipò hàn: ọkọ̀ èrò ju ọkọ̀ ẹrù lọ, bí ipò bá sì dọ́gba, ọkọ̀ tí ń lọ sí apá kan tí òfin ti yàn ni yóò ṣíwájú. Ọkọ̀ tí ó kéré nípò gbọ́dọ̀ ti yà kúrò lọ́nà kí àkókò ọkọ̀ tí ó jù ú lọ tó pé, ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú àkókò tí ìwé fún un. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí ó ga jù bá pẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ Charles Minot, ọ̀gá rélùwéè Erie, ní ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ tí ó wọ̀ dúró pẹ́ títí de ọkọ̀ kan tí kò dé. Ó fi wáyà tẹligíráàmù béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti dé ibùdókọ̀ iwájú. Wọ́n ní kò tíì dé. Ó ní kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀ bí ó bá dé, ó sì pàṣẹ fún awakọ̀ tirẹ̀ láti máa lọ. Ìtàn sọ pé awakọ̀ náà, Isaac Lewis, kọ̀ jálẹ̀, kò gba wáyà gbọ́, tí Minot fúnra rẹ̀ fi wa ẹ́ńjìnnì náà, tí Lewis sì lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá nínú ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀, láti ìgbà náà sì ni àṣẹ orí wáyà ti di àṣà.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nítorí náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi ẹnu lásán pàṣẹ nínú ìpàdé ìṣiṣẹ́. Olùdarí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà lórí tẹlifóònù. Akọ̀wé ibùdókọ̀ yóò kọ ọ́ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Yóò kà á padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Olùdarí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó pé, yóò sì sọ àkókò tí ó pé. Ìgbà náà ni ìwé tó di àṣẹ. Oríṣi méjì ni ìwé àṣẹ àwọn ará Amẹ́ríkà látijọ́: èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 19 pè, tí a lè nà sí awakọ̀ bí ó ti ń kọjá, àti èyí tí wọ́n ń fi 31 pè, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí a tó fọwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é dé ojú àmì ń lo méjèèjì.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí eré yìí ti lè ga tó, kí ó lọ sí ilé àkójọ rélùwéè kékeré tí ó wà ní Balboa Park ní ìlú San Diego, níbi tí ẹgbẹ́ La Mesa Model Railroad Club ti kọ́ ọ̀nà òkè Tehachapi ní ìwọ̀n HO. Ní ọdún 1876 ni àwọn òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ṣáínà, parí ojú irin gidi náà fún ilé iṣẹ́ Southern Pacific. Òkè náà le débi pé ojú irin ká po bí ó ti ń gòkè, tí ó sì kọjá lórí ara rẹ̀ ní gíga nǹkan bíi mítà 23, tí ọkọ̀ gígùn fi ń rí ìrù ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Látijọ́, ilé iṣẹ́ Santa Fe náà máa ń bá wọn lo ojú irin yìí, a sì sábà máa ń fi ẹ́ńjìnnì kún ẹ́ńjìnnì láti ti ọkọ̀ ẹrù gòkè. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń ṣe nínú ìpàdé wọn ni láti jí ìṣe àwọn ọdún 1950 dìde, nígbà tí ajẹná-mumi, akétantan-gòkè, arúèéfín-bojú-ọ̀run ṣì ń bá ẹ́ńjìnnì onídísù du ọ̀nà. Ẹni tí ó bá jẹ́ olùdarí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú nípa ọkọ̀ tí ń gòkè, èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì atẹ̀yìn tí ó ti parí iṣẹ́, tí ó sì ń wá àyè padà sí ìsàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ kò jáde kúrò nínú yàrá. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, a dá ẹgbẹ́ Tech Model Railroad Club sílẹ̀ ní ọdún 1946. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn àtikun ilé àti àtigbin igi kékeré. Àwọn kan sì wà lábẹ́ tábìlì, tí wọ́n ń fi àlòkù ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe ètò iná tí ń darí ọkọ̀. Láti abẹ́ tábìlì yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti bọ́ sí ìdí kọ̀ǹpútà nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó ṣe Spacewar!, ọ̀kan nínú àwọn eré orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ní ọdún 1962.

Àìrìnjọ ejò ni í pa ejò níyà, ẹgbẹ́ tí ó bá sì fẹ́ kí ìpàdé rẹ̀ yọrí sí rere gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gba àlejò. Wọ́n kì í fi ẹni tuntun sí ìdí iṣẹ́ líle. Àgbà kan ni yóò jẹ́ gáàdì fún un, tí yóò máa ka ìwé, tí yóò sì jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ gba ọ̀nà tààrà. Kí agogo tó bẹ̀rẹ̀, olórí yóò ṣàlàyé òfin ilé, yóò sì fi àwọn ibi tí ó ṣòro hàn. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ kúrò lójú irin, a kì í pariwo. A ó gbé e padà, a ó sì fi ìwé sára káàdì rẹ̀ kí a lè tún un ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Bí ìdíwọ́ bá sì pọ̀ jù, olórí lè dá agogo dúró títí ọ̀nà yóò fi là. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọn a jókòó, wọn a jẹun, wọn a sì sọ ohun tí ó lọ déédéé àti ohun tí kò lọ déédéé láìbínú. Lójú tèmi, ìjókòó ìkẹyìn yìí kì í ṣe àfikún; níbẹ̀ ni àwùjọ àwọn ènìyàn lásán ti ń di ẹgbẹ́.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò yàrá ńlá. John Allen ti ìlú Monterey, tí rélùwéè rẹ̀, Gorre & Daphetid, jẹ́ àwòyanu fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn, fi èyí hàn ní ọdún 1972 nígbà tí ó gbé Timesaver jáde, pákó kékeré kan tí ó ní oríta irin márùn-ún péré, tí ènìyàn fi ń dán ọgbọ́n ara rẹ̀ wò nípa títo ọkọ̀ díẹ̀ sí àyè wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973 ni ó kú, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí iná jó rélùwéè ńlá rẹ̀. Ohun ńlá jóná. Pákó kékeré náà ni àwọn ènìyàn ṣì ń kọ́ títí di òní. Pákó gígùn kan lára ògiri, ibùdókọ̀ kan, ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì kan, káàdì tí a fi ọwọ́ kọ, àti ọ̀rẹ́ kan tí ó mọ bí a ti ń yà fún ẹnìkejì: ìpàdé ìṣiṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ní 1901 ni ó dé Ìbàdàn, ní 1907 ni ó dé Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ní baba tàbí baba àgbà tí ó bá rélùwéè ṣiṣẹ́ tàbí tí ó fi í kó kòkó. Fífẹ̀ ojú irin wa àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ní ìwọ̀n HO yóò di nǹkan bíi mìlímítà 12, irú ojú irin kékeré bẹ́ẹ̀ sì wà ní títà. A lè kọ́ Ìdó, a lè kọ́ Abẹ́òkúta, kò sí ohun tí ó ṣòro níbẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ bí a ti ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọkọ̀ wo ni ó ń yà fún èwo, ibo ni a ti ń to àwọn ọkọ̀ ẹ̀pà tí ó ti Kánò dé, kí ni ọ̀gá ibùdókọ̀ ń kọ sínú ìwé rẹ̀ ní òru. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti di arúgbó. Ẹ̀yin ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ àwọn baba yín lọ nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibùdókọ̀, kí ẹ kọ àkókò, kí ẹ kọ òfin. Bí ìwé bá ti wà, ẹni tí yóò kọ́ rélùwéè náà kò ní wọ́n wa.